Ewúrẹ́ Tó Wé Gèlè Ìyá Mi

Ní ọjà Túsìdeè, lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìyá Mùínà ni gbogbo wọn ń pè mí. Alábàárù á ní, "Ìyá Mùínà, ẹ yà lọ́nà!" Oníbàárà á ní, "Ìyá Mùínà, ẹ ò tiẹ̀ láàánú." Bí ẹnì kan bá jókòó tì mí láti àárọ̀ tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n pè mí ní ìyá ọmọ yẹn, ó lè ka ọgọ́rùn-ún kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ wà ní Kétu. Tàńtí ló ń pè mí.

Tàńtí ni àwa tó wà lọ́dọ̀ Faransé ń pe àbúrò ìyá ẹni, tàbí obìnrin àlejò tí a ò mọ ibi tí a ó fi sí.

Kì í ṣe Kétu Èkó níbi tí wọ́n ti ń ta ọsàn ni mò ń wí o. Kétu Alákétu ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lódìkejì ẹnubodè. Ẹ̀yin ará Èkó kì í bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kùtọnu lẹ ń pe gbogbo wa, bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sọ́hùn-ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé Yorùbá ni mo ti ń sọ látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ oníke kan ní àdúgbò Industrial, ní Ìsọlọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo la ẹnu, gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. "Àgànyìn, tún un sọ!" Mo tún un sọ. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi náà ti ń bá wọn fi ara mi rẹ́rìn-ín, nítorí níbi tí wọ́n bá ti ń pín ẹ̀rín lọ́fẹ̀ẹ́, kò dáa kéèyàn dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà sí yàrá mi l'Éjìgbò, màá máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ahọ́n mi má baà gbàgbé. Ìkòkò yẹn nìkan ni kò fi mí ṣẹ̀sín rí l'Ékòó.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Mùínà nígbà tí mo fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá mi. Bàbá rẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Kùtọnu, ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ọdún kan péré ni màá lò. Mo ní, "Tó bá di Iléyá, màá dé."

Ẹ wá wo bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá ti àjò dé kì í dá wọlé. Ẹrù àjò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Aṣọ ìyá, bàtà àwọn ọmọ ilé, ọṣẹ àti bisikíìtì fún gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò, títí kan ẹni tó ń bá ọ jà kí o tó lọ. Bí o bá dé lọ́wọ́ òfo, wọn ò ní bú ọ o. Wọ́n á kí ọ dáadáa. Wọ́n á kàn máa wo ẹ̀yìn rẹ, bóyá ẹrù ń bọ̀.

Iléyá àkọ́kọ́, ẹrù ò pé. Ìkejì, wọ́n ti ẹnubodè pa. Ìkẹta, mo ti kúrò ní ilé-iṣẹ́, mo ti ń tajà, òjò sì ba odindi béélì ọjà kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún, mi ò rántí irọ́ tí mo pa mọ́. Àgbò márùn-ún ni wọ́n ti pa ní ilé wa tí mi ò rí ìwo wọn.

*

Ìyá mi kì í pè mí. Èmi ni mo máa ń pè é. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo rí nọ́ńbà Kétu lójú fóònù mi, ọkàn mi ti kọ́kọ́ re ibojì kó tó padà wá.

"Kò sẹ́ni tó kú," ìyá mi ní, kí n tó bèèrè. "Bàbá Mùínà ló wá. Ó ní bí ilé-ìwé bá ti parí, òun máa mú ọmọ òun lọ Kùtọnu, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun."

"Kí lẹ wí fún un?"

"Mo ní ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́wàá, ó lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá wá mú un, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ó bi í lójú gbogbo ilé. Bó bá ní ìyá òun lòun ń dúró dè, kò sẹ́ni tó máa mú un kọjá mi. Bó bá ní òun ń lọ, màá di ẹrù rẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé..."

"Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìwọ sọ ọ́. Mùínà, wá gba fóònù."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lọ́ọ̀ọ́kán. "Màámi, ẹ ní mò ń fọ abọ́."

Ìyá mi ló ń pè ní Màámi. Fóònù tọ́ọ̀ṣì lásán ni ìyá mi ní, kò lè ya fọ́tò, kò lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, ó gbé e dé etí mi ketekete.

Mo jókòó sórí béélì mi. Ìyá Gàní, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tó ń ta kọ́mú òkírìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wò mí títí.

"Ìyá Mùínà, kí ló dé tójú ẹ fi rí bíi kọ́mú tí wọ́n sá sóòrùn láti èṣí?"

Mo sọ fún un. Ó gbé kọ́mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Jímọ̀ mélòó ló kù kílé-ìwé parí?"

"Méje."

"Ó dáa. Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà péré dá ayé."

*

Ohun ìṣeré ni mò ń tà, èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó ti fi ṣeré sú: bèbí olójú kan, mọ́tò tí kò ní táyà, kìnnìún tí owú ń yọ nídìí rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí kò mọ ohun tí ọmọ tirẹ̀ fi ń ṣeré ló wá ń ta ohun ìṣeré fún gbogbo ọmọ Èkó. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá rẹ́rìn-ín débi tí màá fi mu omi.

Nínú béélì kan, mo rí àpò aṣọ kékeré kan. Àwọn òkúta oníke aláràbarà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí gbogbo ara wọn. Òmíràn ní ojú mẹ́rin, òmíràn mẹ́jọ. Ọ̀kan búlúù wà tó ní ojú ogún. Mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbàgbé láti lu ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe èènì: ra bèbí, gba òkúta.

Mo ti pín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí Bùkọ́lá dé. Ọmọbìnrin kan ni, pápákọ̀ òfúrufú ló ti ń ṣiṣẹ́, Àjàó Estate ló ń gbé. Ọjọ́ Túsìdeè, tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á gba ọ̀dọ̀ wa kọjá nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó rí àpò náà, ó kígbe bí ẹni tí àkéekèé ta.

"Ẹ̀yin màmá yìí! Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín ṣá?"

"Èènì ni."

"Èènì kẹ̀! Dáìsì ni, mà. Ẹ wo olójú ogún! Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń wá irú ẹ̀ látọjọ́ yìí."

Ó wá ṣàlàyé. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn márùn-ún máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á wà nínú ìtàn náà.

"Àlọ́ nìyẹn," mo ní.

"Ó jọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, ìjàpá ti mọ ohun tóun máa ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú tiwa, ẹ̀yin gan-an ni ìjàpá. Ẹni tó ń sọ̀tàn á sọ ohun tẹ́ ẹ rí, á wá bi yín pé, 'Kí lẹ ṣe?' Á dákẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá wí lẹ ṣe. Bó bá jẹ́ ohun tó le, ẹ ó ju dáìsì, dáìsì á sọ bóyá ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́: nọ́ńbà ńlá, ó tẹ̀ ẹ́; kékeré, ẹ ṣubú."

"Owó mélòó lẹ ń ta?"

"Kò sí owó ńbẹ̀, mà."

Ìyá Gàní dá sí i láti orí òkìtì kọ́mú rẹ̀. "Tẹ́tẹ́ tí kò lówó! Àwọn tó ń darí bàálù nìyí o. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ Mẹ́kà, mọ́tò ni màá wọ̀."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ló ti há mọ́ mi lọ́kàn. "Bùkọ́lá," mo ní, "bí wọ́n bá bi ẹnì kan pé kí lo ṣe, ṣé ó gbọ́dọ̀ dáhùn?"

"Ó gbọ́dọ̀ dáhùn, mà. Bí ò bá dáhùn, kò séré."

"Kódà bí kò bá fẹ́ràn ẹni tó ń bi í?"

Ó wò mí. Ó jókòó sórí béélì.

Olójú ogún ni mo fún un, pé kó fi kọ́ mi. Mo fi ọ̀kan olójú mẹ́jọ pamọ́ fún ara mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé káàdì mi kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ bí mo bá pe Kétu, ó gbá orí mú. Tiwọn máa ń gba wákàtí mẹ́rin, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́rin. "Ẹ ó nílò èyí tó kúrú, kúrú gan-an, mà. Ibì kan. Wàhálà kan. Ẹnì kan tó dènà. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ gé e." Ó ya páálí kan, ó fi bírò kọ ọ́ sí i pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà kí n lè kà á. Nísàlẹ̀ ó fi òfin kan sí i: KÒ SÍ ÌLÉRÍ.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹnì kan ò gbọdọ̀ ní, 'Màá ṣe é tó bá dọ̀la.' Ohun tí ọwọ́ ẹ bá ṣe báyìí nìkan là ń kà."

Mo ní mo ti gbọ́. Àwọn nǹkan kan wà téèyàn máa gbọ́, tó máa mi orí sí, tí kò ní wọ inú rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá yá.

*

Àwa ọlọ́jà, bí a bá ń pàtẹ, a kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú àpò. Bí mo ṣe ṣe ìtàn àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo fi ọba kan sí i, mo fi ìyàwó méje fún un, igbó, odò, afárá tó já, erin kan, ọjà kan nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń ta ìrù erin. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Mo pe Kétu lẹ́yìn ìrun àlàásárì.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Tàńtí."

"Mùínà, mo ní eré kan."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyàwó kẹrin ni mò ń kí lọ́wọ́ nígbà tí káàdì tán. Nígbà tí mo rí káàdì mìíràn rà, ìyá mi ló gbé e.

"Ọmọ rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá kóun ti lọ fọ abọ́ títí wàá fi kí ìyàwó méje tán."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín gan-an, nítorí èmi gan-an ni màá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ló wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ẹ̀yìn béélì lọ, mo fi ìborí bojú, mo sunkún.

Jímọ̀ mẹ́fà ló kù.

Túsìdeè tó tẹ̀lé e, Bùkọ́lá ka ohun tí mo kọ, ó ń fi bírò pa á rẹ́. Ọba lọ, erin lọ. "Mà, ẹ fi ohun tóun náà mọ̀ sí i. Kí ló wà nílé yín?"

Mo ronú. Ọdún márùn-ún. Mi ò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀. Gbogbo bàtà tí mo ti rán lọ, bí kò há, á tóbi. Ohun tí mo mọ̀ nípa ilé wa kò kún àtẹ kan mọ́. Òrùlé páànù. Ewúrẹ́ ìyá mi, aláìgbọràn, tàbí ọmọ ewúrẹ́ náà. Gèlè pupa tí mo rà fún ìyá mi kí n tó lọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹni tó wà lájò ń gbé ilé rẹ̀ kiri nínú àyà. Irọ́ ni. Páànù àti ewúrẹ́ ló ń gbé kiri.

Ṣùgbọ́n páànù àti ewúrẹ́ tó.

"Mùínà," mo ní nígbà tó gba fóònù. "Ewúrẹ́ Màámi wà lórí òrùlé. Ó wé gèlè. Òjò ń bọ̀. Kí lo ṣe?"

Mo wá dákẹ́. Èmi, tí mi ò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Káàdì ń lọ, mo dákẹ́. Ìyá Gàní ń wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

"Gèlè wo?" ọmọ náà ní.

"Èyí pupa."

"Èyí tó ní wúrà létí?"

"Òun náà."

Ó ní, "Ṣé ó wé e dáadáa?"

"Ó wé e ju Màámi lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì pé. Ó ti yí padà, ó ti nípọn, ẹ̀rín ẹni tó ti ń gbé omi lórí ni. Mo di béélì mú.

"Mo gbé àkàbà," ó ní. "Mo gùn ún."

Mo ju dáìsì. "O gùn ún dókè. Ewúrẹ́ wò ọ́. Ó ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀ àfi tó o bá fún òun ní èèpo iṣu ogún."

"Márùn-ún."

"Méjìdínlógún."

"Ẹ ẹ̀ rí i pé òjò ń bọ̀ ni? Ewúrẹ́ tí òjò bá pa, ta ló máa fún un ní nǹkan kan? Mẹ́fà, kó sì bọ́ gèlè sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Gàní ń gbọ́. Ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ ẹ ni! Ọmọ ẹ ni, kò sí àní-àní!"

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni mo lè pè ní ayé l'Ékòó. Ewúrẹ́ wọ mọ́tò tó ń lọ sí ìlú Pobè. Ewúrẹ́ jókòó sórí àga tíṣà. Ewúrẹ́ kọ̀ láti kúrò nínú kànga àfi tí wọ́n bá kí i ní èdè Faransé. Gbogbo rẹ̀ bá ìlànà Bùkọ́lá mu: ibì kan, wàhálà kan, ẹnì kan tó dènà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mùínà ti ń gba fóònù kí ìyá mi tó pè é. Tàńtí ṣì ni mí, ṣùgbọ́n Tàńtí ti ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Òṣòdì bí ẹni tó ní ilé. Alábàárù pè mí ní Ìyá Mùínà, mo jẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo àyà mi.

Ohun tí mo wá ṣe rèé. Mo ń ju dáìsì lóòótọ́, lórí tapólì tí mo tẹ́ ọjà lé níwájú mi. Ṣùgbọ́n bó bá já sí méjì, màá ní méje. Bó bá já sí ọ̀kan, màá ní mẹ́jọ. Látìgbà tí mo ti ń tajà, ọjà tí mi ò fi èènì sí kò kúrò lọ́wọ́ mi rí. Ṣé ọmọ tí mo bí ni kí n wá tà á fún gbáà bẹ́ẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń fi lé e. Inú mi ń dùn sí i. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ń wa kẹ̀kẹ́, Mùínà fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo ju dáìsì. "Ọwọ́ rẹ tẹ̀ ẹ́!"

Mo dúró de ẹ̀rín rẹ̀.

"Mùínà? Ọwọ́ rẹ ti tẹ̀ ẹ́."

"Tàńtí, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ṣubú látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀?"

"O ò ṣubú rí. Akin ni ọ́."

"Mò ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mejìlá lẹ ti ju nǹkan yẹn. Èmi náà ń ta lúdò. Kò sẹ́ni tí kì í ṣubú." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Irọ́ lẹ ń pa fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ní ẹ ń bọ̀."

Fóònù kú. Káàdì kọ́ ló tán.

Mo pè. Kò gbé e. Mo pè lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ní ó ń fọ abọ́. Abọ́ ilé wa mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn ju ti ìgbàkígbà lọ.

Jímọ̀ méjì ló kù. Mo tilẹ̀ ta kìnnìún kan láì ná an, oníbàárà náà rò pé jìbìtì ni, ó gbé e padà wá. Níbí, Àgànyìn ni mí. Lọ́hùn-ún, Tàńtí Èkó. Okùn kan ṣoṣo ló so mí mọ́ ibì kankan lórí ilẹ̀, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi gé e, pẹ̀lú èènì.

Bùkọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì ṣẹ́jú. "Mà, ẹni tí kò bá lè ṣubú ò lè borí. Ẹ ti gba eré náà lọ́wọ́ ẹ̀." Ó tọwọ́ bọ àpò yúnífọ́ọ̀mù, ó yọ olójú ogún búlúù jáde. "Ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí kò bá gbà yín gbọ́, ẹ fún un ní dáìsì sọ́wọ́ ara ẹ̀."

Mo fi rán awakọ̀ kan tó ń gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu. Iṣẹ́ tí mo rán sí ìyá mi kò gùn: kí Mùínà máa jù ú fúnra rẹ̀, ohun tó bá já sí, mo gbà.

"Dáìsì lo fi ránṣẹ́ sọ́mọ?" Ìyá Gàní ní. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń rán bàtà."

"Bàtà ò lẹ́nu, Ìyá Gàní."

"Dáìsì ẹ náà ò lẹ́nu."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó pè mí.

*

Túsìdeè tó gbẹ̀yìn kí Jímọ̀ náà tó pé, ọ̀sán gangan, ọjà kún débi pé èèyàn ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fóònù dún. Nọ́ńbà Kétu.

"Tàńtí, èmi ni mo fẹ́ sọ tòní."

Mo fi ọwọ́ di etí kejì. "Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti kírun tán. Mọ́tò kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kan. Ọmọbìnrin kan dúró láàárín àgbàlá, wọ́n ń bi í pé ta ló ń dúró dè. Kò mọ èyí tó máa sọ." Ó mí. "Ẹ̀yin wà l'Óṣòdì. Kí lẹ ṣe?"

Ó wá dákẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Mùínà, tó bá di Iléyá tó ń bọ̀ yìí..."

"Ìlérí ò sí nínú eré."

"Gbọ́ ná. Mo ní ẹrù tí mò ń kó jọ. Bí ẹrù yẹn bá ti..."

"Tàńtí. Kí lẹ ṣe?"

Mo wo iwájú mi. Bèbí olójú kan. Mọ́tò tí kò ní táyà. Kò sí aṣọ ìyá, kò sí ọṣẹ ojúlé kankan. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń kó ẹrù jọ, mo sì wo gbogbo ilẹ̀ náà, mi ò rí i.

"Mo dìde," mo ní. Mo dìde.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo ká tapólì." Mo ká a. Kìnnìún yí bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, mi ò wò ó. "Mo lọ sídìí mọ́tò Abẹ́òkúta tó dojú kọ ọ̀nà Kétu. Mo wọ̀ ọ́. Mi ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́."

"Ẹ ò gbé nǹkan kan kẹ̀?"

"Mi ò gbé nǹkan kan."

Ó ronú sí i. "Ìyẹn le. Ẹ gbọ́dọ̀ rí mẹ́wàá." Mo gbọ́ dáìsì náà bó ṣe ń yí nínú abọ́ irin, ó yí, ó yí, ó dúró.

"Méje," ó ní.

Kò sí ohun tó rọrùn fún mi ju kí n sọ pé kó tún un jù. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ èènì. Mo gbé e mì.

"Méje ni," mo ní. "Mo gbà."

Ìyá Gàní ló kígbe nígbà náà. "Ìyá Mùínà! Ìyá Mùínà o! Ọjà ń lọ lọ́wọ́ lo wá ń ká àtẹ, ṣé orí ẹ ti dàrú ni?"

"Ta ni ẹni yẹn ń pè?" ọmọ náà bèèrè.

"Èmi ni."

"Kí ló pè yín?"

"Ìyá Mùínà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń pè mí níbí. Wọn ò mọ orúkọ mìíràn."

Káàdì rẹ̀ ń lọ. Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, ewúrẹ́ gidi, tó ń ké.

"Ẹ̀yin ni gbogbo wọn ń pè bẹ́ẹ̀? Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Mo gbọ́ tí eékánná rẹ̀ kan abọ́ irin náà, kẹ́n. "Èènì mẹ́ta," ó ní. "Mo fi lé e fún yín. Ẹ máa bọ̀."

Mo gbé báàgì ọwọ́ mi kọ́ èjìká. Ìyá Gàní dìde lórí òkìtì rẹ̀, ó la ojú sí mi. "Kétu? Nísinsìnyí? Ẹrù ẹ dà?"

Mo ní kó máa wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹrù ń bọ̀.